Ta Ló Ni Oòrùn?

Bí a bá bi àgbàlagbà kan ní ìlú wa pé ta ló ni oòrùn, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ wojú wa bóyá ara wa dá. Ilẹ̀ ní onílẹ̀, oko ní olóko, igi ọ̀pẹ pàápàá ní ẹni tí ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan jẹ́ olóòrùn. Ó ń ràn sórí ààfin, ó ń ràn sórí ahéré. Ọba kò lè pàṣẹ pé kí ó má ràn dé ojúde ọ̀tá òun, tálákà kò sì ní láti wá onígbọ̀wọ́ kí ó tó jókòó sínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí kò nítumọ̀ láyé àwọn bàbá wa ti wá di ìbéèrè gidi lónìí. Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ni àwo dúdú pẹlẹbẹ tí a ń rí lórí òrùlé ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo, ní Birmingham àti ní Houston, tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Sólà ni àwọn ará ilé ń pè é, orúkọ náà ni èmi náà yóò sì máa lò. Oòrùn kò ní olóòrùn, ṣùgbọ́n sólà ní ẹni tó ni ín. Oòrùn kan náà ni yóò ràn sórí ilé méjì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tó rí owó ra sólà yóò tan iná, ẹni tí kò rí owó yóò jókòó sínú òkùnkùn. Ǹjẹ́ ẹni àkọ́kọ́ jẹ ẹnì kejì ní gbèsè kankan? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí pé àwa tí a wà lókè òkun ni a ń fi owó ránṣẹ́ ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ sólà tó wà lórí òrùlé àwọn òbí wa nílé. Èrò tèmi ni pé gbèsè wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú gbèsè tí a máa ń rò.

Kí á má ṣe rò pé àlejò ni oòrùn nínú iṣẹ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni àwọn ìyá wa ti ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ajé. Oòrùn ló ń sọ iṣu di èlùbọ́. Oòrùn ló ń gbẹ láfún, ata àti ilá. Kòkó àwọn ará Oǹdó àti Iléṣà kò lè wọ àpò láìjẹ́ pé oòrùn fọwọ́ sí i. Ní Òkè-Ògùn, orí àpáta ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí: ooru àpáta ń yan án láti ìsàlẹ̀, oòrùn ń gbẹ ẹ́ láti òkè. Kò sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún oòrùn náà. Ṣùgbọ́n òfin wà lórí àpáta yẹn. A kì í sá tiwa bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ni í lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ohun tí a sá, ì báà jẹ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti aládùúgbò. Bí òjò bá sì ṣú, tí ìyá tó ni èlùbọ́ ti lọ sọ́jà, àwọn tó kù nílé ni yóò bá a kó o wọlé. Bí ẹnìkan bá kó tirẹ̀ nìkan, tí ó jẹ́ kí òjò pa ti ẹnì kejì, kò jí nǹkan kan, kò sì sí adájọ́ tí yóò dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, títí tí yóò fi kú ni wọn yóò máa sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ka òfin orí àpáta yìí sí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Ó ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀ tí àwa ọ̀làjú máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Oòrùn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Èlùbọ́ jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹni tó ní kí ó pín in káàkiri nítorí pé oòrùn ọ̀fẹ́ ló gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣọ́, ìyẹn ojú tí a fi ń wo ohun tí gbogbo wa sá, ti àjùmọ̀ní ni. Ẹni tó bá ti ń jẹ nínú oòrùn tí kò lólówó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o.

Ẹ jẹ́ kí a wo sólà fúnra rẹ̀ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lójú oòrùn máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán gangan tí kùrukùru kò sí, agbára tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan níbùú àti lóròó lọ tó kìlówáàtì 1, èyí tó tó láti gbé áyọ́ọ̀nù kan. Ní 1839 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Becquerel, ti ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde lára àwọn nǹkan kan, ṣùgbọ́n 1954 ni àwọn onímọ̀ ní Bell Laboratories, ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èyí tó wúlò. Tiwọn ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e di iná. Àwọn ti òní ń sọ ohun tó lé ní 20 nínú 100 dà. Láàrin 2010 sí 2020, iye owó àwọn àwo náà ní ọjà àgbáyé fi bí ìdá 90 nínú 100 wálẹ̀. Kò sí ohun kan tí ń yí nínú rẹ̀. Kò ké, kò rú èéfín, kò mu epo. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ 10 ti ń hó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́ ni yóò mọ iyì èyí.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà kí ẹ má bínú bí mo bá mú ìwé owó jáde. Ní ìdí iṣẹ́ wa, oríṣi owó méjì ni a máa ń yà sọ́tọ̀ ara wọn: owó tí a fi dá nǹkan sílẹ̀, àti owó tí a fi ń gbé e rìn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó gbòde kan nílé, èyí tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀fẹ̀ sọ ní "I better pass my neighbour," ìyẹn ni pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ (orúkọ náà ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo ń wí yìí tán kí n tó bẹ̀rẹ̀), owó tí a fi ń dá a sílẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń jẹun. Sólà ni òdì-kejì rẹ̀. Ẹni tó ra sólà ra iná ọ̀pọ̀ ọdún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni oòrùn tó wá di ọ̀fẹ́ fún un. Ẹni tí kò lè kó owó ọ̀pọ̀ ọdún jọ lójú kan, oòrùn kò ì tíì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún un rárá.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti òróró. Ẹni tó ní owó ń ra kẹ́ẹ̀gì kan, ẹni tí kò ní ń rà á nínú ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dópin ọdún, aláìní ni ó san owó tó pọ̀ jù lórí ìwọ̀n kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe rí. Télọ̀ tó ń ra epo bẹntiróòlù sínú ìgò, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń san owó kí wọ́n lè bá a fi iná sí fóònù, ìyá tó ń ra àbẹ́là, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ra iná tó wọ́n jù ní gbogbo ìlú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí 2024 yóò sì fi parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn tó ní owó sá wọ abẹ́ sólà. Onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń lọ ata kù sídìí jẹnẹrétọ̀ wọn. Ara oòrùn kan náà ni gbogbo wọn ń làágùn sí.

Àwa tí a wà ní Ìlú Ọba níhìn-ín náà ti rí irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń san owó fún ẹni tó bá gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀. Fún sólà kékeré tí a gbé sórí ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, owó náà jẹ́ 41.3 pẹ́nsì lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan, àní lórí iná tí onílé fúnra rẹ̀ lò, ìlérí náà sì jẹ́ ti ọdún 25 fún àwọn tó tètè wọlé. Níbo ni owó náà ti ń jáde? Inú owó iná gbogbo oníbàárà. Kí ènìyàn tó lè gbà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní òrùlé, ó sì gbọ́dọ̀ ní owó tí yóò kọ́kọ́ fi ra sólà. Ẹ wá wo arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ń gbé àjà kẹjọ nínú ilé kánsù ní Peckham. Òrùlé rẹ̀ ni ilẹ̀ yàrá ẹni tó wà lókè rẹ̀. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú owó iná rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ní ilé ńlá àti òrùlé gbòòrò ní Surrey. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò náà fún àwọn tuntun ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2019, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ṣì ń gba tiwọn.

Ẹni tó fẹ́ gbè sẹ́yìn ètò yẹn yóò sọ pé owó tí Jámánì, Ìlú Ọba àti àwọn mìíràn ná nígbà tí sólà ṣì wọ́n ni ó sọ ọjà rẹ̀ di ńlá, tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀, tí àwa fi lè rà á fún òbí wa nílé. Òótọ́ ni, n kò jiyàn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé ẹni tó gbé ẹrù náà kò mọ̀ pé òun gbé e, a kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Spain, wọ́n gba apá kejì lọ: ní 2015 ìjọba wọn ṣe òfin pé kí àwọn tó ní sólà san owó lórí iná tí wọ́n ń ṣe lò, nítorí ìlà iná tí gbogbo ìlú jọ ń lò. Àwọn ará ìlú pè é ní owó orí oòrùn, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 2018. Mo gbà pé òfin náà kò dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bí i kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí àwọn tó lówó kò bá ra iná tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa tún òpó ṣe?

Níhìn-ín, ó kéré tán, ẹni tó ní sólà ṣì máa ń padà sórí ìlà ní òru àti ní ìgbà òtútù. Bí ìlà bá bàjẹ́, ó kan òun náà. Nílé kọ́. Nílé, ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a máa ń bá ìlà ìjọba dágbére pátápátá, ta ni yóò sì bá a wí? Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀, ní 2005 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 wọ́n kó iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Orúkọ ń yí, òkùnkùn kò yí. Ènìyàn lé ní 200 mílíọ̀nù ni wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè náà, iná tó sì ń gba orí ìlà ńlá kọjá lọ́pọ̀ ọjọ́ kò ju mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 lọ. Ní 2024, lemọ́lemọ́ ni ìlà ńlá náà ń wó lulẹ̀, ọdún yẹn gan-an, ní oṣù Kẹrin, ni wọ́n sì gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tí wọ́n ní wọn yóò máa rí iná jù láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225.

Bí a ṣe ń sá kúrò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ rántí omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún láàrin wa yóò rántí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta, tí a ń to korobá sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ afẹ́fẹ́ dípò omi, àwọn tó lówó gbẹ́ kànga, lẹ́yìn náà wọ́n gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ẹni òǹgbẹ ń gbẹ kò lè dúró de ìjọba. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù? Adájọ́ ni, akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba ni, olùkọ́ yunifásítì ni, oníṣòwò ńlá ni. Àwọn gan-an ni wọ́n lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn olómi kí ìdí ọ̀gá náà má gbé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí òǹgbẹ kò gbẹ wọ́n mọ́, wọn kò lọ mọ́. Ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkóríta ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe owó àwọn olówó ni omi ẹ̀rọ ṣaláìní. Ohùn wọn ni.

Ìbẹ̀rù tí mo ní nípa sólà nìyẹn. Bí òkùnkùn kò bá dé ilé ẹni tó lè pariwo mọ́, ariwo yóò dópin, òkùnkùn yóò wá di ìpín tí a kọ mọ́ àwọn kan. Nínú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2025, wọ́n ya ₦10 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fi ṣe iná sólà sí ilé Ààrẹ ní Àbújá. Bí mo bá fi ojú oníṣirò owó wò ó, ó ṣeé ṣe kí ó mú ọgbọ́n wá, nítorí owó iná ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ilé tó yẹ kí ó máa ṣọ́ iná gbogbo ìlú ni ó ń bá iná ìlú dágbére yìí. Láàrin ìparí 2024 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti bí àwọn ọmọ wa, wà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láìní iná ìlú, nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ. Bí àwọn tó ń ṣàkóso bá jẹ́ ẹni tí iná kan náà ń kú mọ́ lójú, n kò rò pé yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: ṣé kí ìyá mi tó ti lé ní ọdún 75 máa fọwọ́ táràrà wá àtùpà lóru, kí n lè fi hàn pé mo fẹ́ràn ìlú? Rárá o. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ní agbára láti yọ òbí rẹ̀ kúrò nínú òkùnkùn tí kò yọ ọ́, tó ń dúró de àtúnṣe gbogbo ìlú, ìmẹ́lẹ́ ni ó fi aṣọ ìfẹ́ ìlú bò. Ṣùgbọ́n òwe yẹn sọ pé kí ẹ̀ṣọ́ jáde. Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ilé tí kò jáde mọ́ kọ́ ni ó ń sọ.

Àwọn mìíràn yóò ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kan ara wọn, kí oníkálùkù ra tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú ọ̀run tó. Ẹyẹ tó fò lójú ọ̀run ń padà wá bà lórí igi lálẹ́, igi ni kò tó. Ilé kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ ní òpópónà tó ṣókùnkùn, àmì ni fún olè. Onílé yóò gbé ọgbà sókè, yóò gba ọdẹ, owó tí ó rò pé òun kò san fún epo mọ́ yóò bá ibòmíràn jáde. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Lóde òní, hẹ̀rẹ̀huru náà ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí èéfín àti ariwo rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ ìyá wa, pẹ̀lú gbogbo sólà tó wà lórí òrùlé rẹ̀.

Kí wá ni gbèsè náà? Bí mo bá padà sórí àpáta Òkè-Ògùn, kì í ṣe pé kí a pín èlùbọ́ wa. Ohun kan wà nípa sólà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ní ilé tí kò sí lórí ìlà ìjọba, bí sólà bá tó, bátìrì á ti kún ní nǹkan bí ọ̀sán. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, iná tí àwọn àwo náà ìbá ṣe kò rí ibi gbà. Ó kàn ń ṣòfò lórí òrùlé. Wákàtí yẹn ni télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé lè lọ aṣọ, ni ọmọ aládùúgbò lè fi iná sí fóònù, ni a lè fi omi sínú fíríìjì fún ẹni tó ń tọ́jú oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Kò sí ohun tó máa dín kù nínú ti onílé. Iná gílóòbù kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá fi ń ríran, kò lè tán bátìrì ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ìyá wọn ni ó kọ́ wọn, bí ó ti kọ́ wọn láti kó èlùbọ́ ẹlòmíràn nígbà òjò.

Àwọn ìlú kan sì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Gbamu-Gbamu, abúlé àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí ìlà ìjọba kò dé, wọ́n gbé sólà kìlówáàtì 85 kalẹ̀ ní 2018, pẹ̀lú òpó àti wáyà tó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Owó tí irú abúlé bẹ́ẹ̀ ń san lórí yúnìtì kan máa ń ju ti àwọn tó wà lórí ìlà ńlá lọ, èmi kò sì ní fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni aláta àti olówó ibẹ̀ jọ wà lórí rẹ̀. Bí ó bá kú, gbogbo ẹnu ni yóò là.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni ó wúwo jù lójú mi nínú gbèsè náà. Òfin iná tuntun ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣe àkóso iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso náà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2024. Ìyẹn ni pé ẹni tó yẹ kí á bá wí kò jìnnà sí wa mọ́. Ó wà ní Adó-Èkìtì, ó wà ní Àkúrẹ́. Àwọn gómìnà máa ń wá sí ìlú London, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí á pé jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ti ní sólà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dìde béèrè iná ìlú lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé nítorí ara rẹ̀ ni.

Kí n tó kúrò lórí gbèsè, bátìrì tó ti kú náà wà níbẹ̀. Inú bátìrì asíìdì ni òjé wà. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ láti yọ òjé rẹ̀ tà. Láàrin oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tó wá tún sólà ìyá wa ṣe bá gbé bátìrì àtijọ́ lọ, tí inú wa dùn pé ó bá wa palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń gbé e lọ síbì kan, àwọn ọmọ ẹlòmíràn sì ń ṣeré níbẹ̀. Ó yẹ kí á béèrè ibi tí ó ń gbé e lọ, kí á sì ṣe tán láti san díẹ̀ lé e bí ibi tó dára bá jìnnà.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín wà nínú wọn. Inú mi máa ń dùn nígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ti gbé sólà sí ilé ìgbẹ̀bí ìlú wọn, kí àwọn agbẹ̀bí má ṣe máa fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú lóru. Ṣùgbọ́n àwo sólà lè lo ọdún 25, bátìrì asíìdì kì í sábà kọjá ọdún 3 sí 5. Lọ́dún kẹrin, bátìrì á kú, kò ní sí ẹni tó ní owó òmíràn lọ́wọ́, àwọn àwo á wà lórí òrùlé níbẹ̀ tí wọn yóò máa gba oòrùn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìyà iṣẹ́ mi ni pé n kò lè wo àwòrán ìṣílé kan kí n má béèrè ta ni yóò ra bátìrì kejì. Ká ní a kó £3,000 jọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pé kí á ná £2,200 lórí sólà, kí £800 wà nílé ìfowópamọ́ ní orúkọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìlú náà, kí ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí owó kékeré tí àwọn ènìyàn bá san láti fi iná sí fóònù lọ́sàn-án máa wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìwé owó náà sí wa létí lọ́dọọdún. Àwòrán tí a ó yà lọ́jọ́ ìṣílé yóò kéré díẹ̀: àwo 6 lórí òrùlé dípò 8.